Ẹsẹ̀ Tí Ó Mọ Ojú Rírán

Ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà, Màmá Lakowe yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n fi í há etí gèlè wọn, wọ́n ní àwọn ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Mo mọ aago náà dájú nítorí pé fóònù mi ni mo tẹjú mọ́. Mi ò fẹ́ wo ojú wọn. Ẹ̀rù ń bà mí, ojú sì tún ń tì mí pé ẹ̀rù ń bà mí, nítorí pé ẹsẹ̀ tèmi ló fà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dáadáa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Lakowe. Fúnkẹ́ lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n orúkọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n nínú ẹbí wa. Iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n ti ń ṣe láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn, àmọ́ kì í ṣe aṣọ tí ènìyàn ń wọ̀. Wọ́n ń rán tapólì tí àwọn awakọ̀ fi ń bo ẹrù, ìbòrí ọkọ̀ ojú omi, àwọ̀n tí àwọn olóko ẹ̀fọ́ ń ta sókè kí oòrùn má baà pa ewébẹ̀, àti àpò ńláńlá tí wọ́n ń rọ iyanrìn sí kí ìgbì má baà gbẹ́ etí omi lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú ìtàn yìí ni aṣọ abẹ́ ọ̀nà. Ẹrẹ̀ ló pọ̀ nínú ilẹ̀ wa láti Lekki dé Ajah. Bí ẹ bá da iyanrìn lé ẹrẹ̀ lásán, ẹrẹ̀ á gbé e mì. Nítorí náà, wọ́n máa ń kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ líle kan sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi irú nǹkan tí wọ́n fi ń ṣe ike hun, kí wọ́n tó da iyanrìn lé e. Omi á máa gba inú rẹ̀ kọjá, iyanrìn ò ní rì.

Ìmọ̀ nípa aṣọ híhun ni mo kà ní yunifásítì. Mo mọ orúkọ gbogbo aṣọ wọ̀nyí nínú ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń pè mí ní télọ̀ oníwèé ẹ̀rí, a ó jọ rẹ́rìn-ín, màá sì padà sílé lọ máa rò ó pé bóyá òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀, ilé àwọn òbí mi ní Abraham Adésànyà ni mo wà, tí mò ń wá iṣẹ́. Mo ń lọ sí Lakowe láti lọ ran Màmá lọ́wọ́ kí n má baà máa jókòó sójú kan. Mi ò rò pé iṣẹ́ gidi ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo rò pé mò ń dúró de iṣẹ́ ni.

Ní ọjọ́ yẹn, aṣọ abẹ́ ọ̀nà kan wà nílẹ̀ ní àgbàlá ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará abúlé tó wà létí ọ̀sà ló fẹ́ fi ṣe ọ̀nà tí mọ́tò á máa gbà dé ibi tí wọ́n ti ń já ẹja. Òfin kan wà ní ṣọ́ọ̀bù Màmá: aṣọ kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ẹnì kan bọ́ bàtà, kó sì fi ẹsẹ̀ lásán rin ojú rírán rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ojú rírán ni ibi tí aṣọ méjì ti pàdé, tí òwú ti dè wọ́n pọ̀. Màmá nìkan ló máa ń rìn ín. Wọ́n rìn ín ní ọjọ́ yẹn náà, wọ́n dé òpin, wọ́n ní, "Ó dára. Ẹ ká a."

Wọ́n bojú wẹ̀yìn rí mi. Wọ́n ní, "Tọ́pẹ́, bọ́ bàtà. Tọ ipasẹ̀ mi, kó o mọ bó ṣe ń rí lẹ́sẹ̀."

Mo bọ́ bàtà, mo tọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé nǹkan bí àárín, nǹkan kan mì lábẹ́ ẹsẹ̀ òsì mi bí eyín tó fẹ́ yọ. Mo dúró. Mo rò ó pé bóyá èrò ọkàn mi lásán ni, pé ta ni èmi tí Màmá rìn kọjá ibì kan tí èmi á ní kò dára. Mo fẹ́ máa lọ. Ẹsẹ̀ mi kọ̀.

Wàsíù, ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù wọn, ọkùnrin onírungbọ̀n tó ní ọmọ mẹ́ta, pariwo láti ìdí ẹ̀rọ lọ́hùn-ún pé, "Mádàámù oníwèé, ṣé ẹ̀gún gún yín ni?"

Mo ní, "Ibí yìí dẹ̀."

Ó wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Òwú ti fo níbẹ̀. Ẹ̀rọ ti rán an lọ, kò mú aṣọ, ihò náà sì gbà tó kí n ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ̀ ọ́. Màmá padà wá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé e kúrò, wọ́n gbé ti òsì lé e. Wọ́n wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà, bí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n lára."

Mo mọ̀ pé ìtọ̀ ṣúgà ń ṣe wọ́n. Mi ò mọ̀ pé ó ti mú ẹsẹ̀ wọn kú dé ibẹ̀ yẹn. Àwọn fúnra wọn mọ̀, wọ́n kàn ń fi í pamọ́ fún ara wọn ni. Wọ́n rìn lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n yọ abẹ́rẹ́, ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ yẹn ló sì ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa àpótí kan sí mi. "Jókòó. Ẹ̀rọ mi wà nílẹ̀, ilẹ̀ wà nílẹ̀, Wàsíù wà. Ṣé wàá gbà á? Bí o ò bá gbà á, màá tà wọ́n, mi ò ní bínú. Àmọ́ kí o tó dáhùn, gbọ́ bí iṣẹ́ náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Kó o sì kọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀ pé irú iṣẹ́ yìí wà láyé."

Mi ò tíì sọ fún wọn nígbà yẹn pé ilé iṣẹ́ kan ní apá Lekki ti pè mí. Irú aṣọ wọ̀nyí náà ni wọ́n ń tà, àmọ́ láti òkèèrè ni wọ́n ti ń kó o wọlé ní rírán tán. Ọ́fíìsì ni mo máa jókòó sí. Wọ́n fún mi ní àyè díẹ̀ láti fèsì.

Nítorí náà mo jókòó. Ìrọ̀lẹ́ yẹn àti àwọn ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ fún mi. Màá kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, torí mo rò pé ó dùn jù lẹ́nu wọn.

"Ọ̀gá Mùfú ló kọ́ mi níṣẹ́," ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ìtàn bí wọ́n ṣe gbà mí àti iye tí wọ́n ń san kò gùn. Ìyá mi mú mi lọ, wọ́n ní kí n máa bọ̀ láàárọ̀, owó náà kéré, mo sì ń jẹun yó. Ó parí. Agbádá ni Ọ̀gá ń rán tẹ́lẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n rán dé góńgó. Nígbà tí ojú wọn ò gbé iṣẹ́ ọrùn aṣọ mọ́ ni wọ́n bọ́ sídìí tapólì. Ṣùgbọ́n agbádá ò kúrò lọ́kàn wọn. Bí wọ́n bá rán ìbòrí ẹrù tán, wọ́n á fi ọwọ́ pa á, wọ́n á wò ó bíi pé ọkọ ìyàwó ló fẹ́ gbé e wọ̀.

"Fún ọjọ́ pípẹ́, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Òwú ni mò ń fà. Wọ́n á kó oríṣiríṣi òwú fún mi, wọ́n á ní kí n dijú, kí n fà á láàárín ìka mi, kí n sọ èyí tí òjò máa pa. Bí mo bá sọ ọ́ tì, wọ́n á kàn ní, 'Tún un fà.' Ìkòkò tó máa jẹ ata, ìdí rẹ̀ á gbóná. Ìka mi ló gbóná ní tèmi.

"Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kí n rán nǹkan, wàhálà mìíràn dé. Bí a bá rán aṣọ méjì pọ̀, ènìyàn méjì á di apá kan mú, ènìyàn méjì á di apá kejì, a ó máa fà á bí ìgbà tí wọ́n ń fa àwọ̀n létí òkun. Bí ojú rírán bá là, Ọ̀gá á ní, 'Ta ló rán aṣọ ọmọlangidi yìí?' Ẹni tó rán an á tú gbogbo rẹ̀ pátá. Mo sunkún lọ́jọ́ kan. Mo ní, 'Ọ̀gá, ibi kékeré ló là o.' Wọ́n ní, 'Fúnkẹ́, ṣé omi máa ń béèrè bí ibẹ̀ ṣe tóbi tó kó tó wọlé?' Mo tú u."

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n kórìíra Ọ̀gá náà nígbà yẹn. Mo béèrè nítorí pé èmi kì í fara da kí ẹnì kan bá mi wí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè máa yí kiri nínú mi fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Mo kórìíra wọn láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán tí wọ́n bu iyán sí abọ́ kan tí wọ́n ní ká jọ jẹ ẹ́, inú mi á rọ̀. Ẹni tó le lórí iṣẹ́ tí kò le lórí oúnjẹ, ẹni rere ni."

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa Màmá. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń ṣe láti kékeré. Bí ìsìn bá wà ní àárọ̀ Ọjọ́rú, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń gba ibi iṣẹ́ lọ tààrà, pẹ̀lú sùtánà wọn, láìwọ bàtà, nítorí pé wọn kì í wọ bàtà sí aṣọ àdúrà. Àwọn ẹgbẹ́ wọn á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Wòlíì, òjò ńkọ́ lónìí?" Bí Màmá bá ní kò ní rọ̀, tí òjò wá rọ̀, Màmá nìkan ni wọ́n á rán lọ kó tapólì wọlé. Wọ́n ní ìyẹn ló kọ́ àwọn láti máa dákẹ́.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ilẹ̀ káàkiri ni iṣẹ́ aṣọ abẹ́ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Mùfú. Kọngílá kan fẹ́ la ọ̀nà wọ inú àbàtà lẹ́yìn Ṣàngótẹ̀dó, nígbà tí igbó ṣì ń bẹ níbẹ̀. Aṣọ náà dé ní ìdì ńláńlá, wọ́n sì ní kí Ọ̀gá wá rán an pọ̀ lórí ilẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni jàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Màmá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n dé orí èyí.

"Ó ní ohun tí gbogbo aránṣọ mọ̀. Aṣọ ní ojú, ó ní ìdí. Ibi tí o ti rán an, tí etí aṣọ àti òwú gbé wà, ìdí nìyẹn, ìdí kì í sì í hàn síta. Bí ó bá hàn síta, ìtìjú ni fún ẹni tó rán an. Ọ̀gá tó rán agbádá fún àwọn olóyè, ṣé wọ́n á tẹ́ aṣọ sílẹ̀ kí ìdí rẹ̀ máa wo sánmà? Wọ́n ní, 'Ẹ dojú rírán délẹ̀. Kó dán lókè.' A dojú rẹ̀ délẹ̀. Tọ́pẹ́, ó dára láti wò. Àwọn apẹja kúrò nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n wá dúró, wọ́n ń kí wa. Ọ̀kan nínú wọn, Bàbá Lámídì, ní, 'Ṣé ilẹ̀ náà fẹ́ ṣèyàwó ni?' Ọ̀gá rẹ́rìn-ín síhìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ọjọ́ kejì, típà oníyanrìn àkọ́kọ́ wọlé. Ó da tiẹ̀, ó lọ. Èkejì fi ẹ̀yìn wọlé, ó gun orí iyanrìn tí èkíní dà, ó gbé ara sókè láti da tiẹ̀. Mo gbọ́ ìró kan, ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá fa aṣọ àtijọ́ ya. Ẹrẹ̀ bẹ́ sókè láàárín iyanrìn, ó dúdú, ó ń rùn. Ìdí típà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀. Kò yára o, ìyẹn ló burú níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, bí ẹni ń jókòó. Awakọ̀ gba ojú fèrèsé jáde, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ dé àyà. Kò sí ẹni tó lè sún mọ́ ọn, nítorí ibikíbi tí o bá tẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀. Bàbá Lámídì ló gbé ọkọ̀ ojú omi wọn gba ẹ̀gbẹ́ wá, wọ́n sọ okùn àwọ̀n sí i, wọ́n ní, 'Dì í mú, má jà.' Wọ́n fà á jáde bí ẹja. Típà náà, ojú rẹ̀ nìkan ló kù lókè nírọ̀lẹ́."

Mo ń gbìyànjú láti rò ó bí ara mi ṣe máa rí tó bá jẹ́ èmi ni mo wà níbẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n hú aṣọ náà jáde," ni wọ́n ń bá a lọ, "a rí i pé iyanrìn ti wọ ẹnu ẹ̀rọ, òwú sì ti ń fo láti ibi púpọ̀ sẹ́yìn. Bí ó bá jẹ́ pé òkè ni ojú rírán wà, ọmọdé lásán á rí i. Nítorí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i. Kọngílá dé, ó ń béèrè ta ló rán apá ibẹ̀. Àwa ọmọ iṣẹ́ ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá ṣí fìlà, wọ́n ní, 'Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló rán an. Èmi ni mo ní kí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ kó lè lẹ́wà.' Wọn ò dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa. Títí wọ́n fi kú, wọn ò béèrè lọ́wọ́ wa pé ta ni.

"Ọ̀gá ní ká tún un rán, pé láti òní lọ, ojú rírán á máa wo òkè. Ó dun Ọ̀gá. Mo rí i pé ó dùn wọ́n láti fi ìdí aṣọ han gbogbo ayé. Àmọ́ wọ́n ṣe é.

"Àárọ̀ Ọjọ́rú ni, láti ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti dé. Sùtánà wà lọ́rùn mi, ẹsẹ̀ mi wà lásán. Mo fẹ́ gba orí aṣọ kọjá lọ bá àwọn ìyókù, mo bá tọ ojú rírán nítorí ibẹ̀ ló yọ sókè díẹ̀ kúrò nínú omi. Mo dé ibì kan, ó dẹ̀. Mo dúró. Ọ̀gá ní, 'Wòlíì, ìran lo rí?' Mo ní, 'Ọ̀gá, ibí yìí dẹ̀.' Wọ́n wá, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọn ò mọ nǹkan kan, torí bàtà wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n bọ́ ọ. Wọ́n tún un tẹ̀. Wọ́n ní, 'Háà. Láti ìgbà ọmọdé ni mo ti ń bọ́ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí, mi ò mọ̀ pé ó kù kí n bọ́ ọ fún aṣọ.' Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá wọ bàtà gun ojú rírán, Ọ̀gá á lé e dé títì."

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo ti rìn lórí ojú rírán kí n tó gbọ́ ìtàn yìí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, "Ibí yìí dẹ̀," ọ̀rọ̀ tí Màmá sọ fún Ọ̀gá wọn gan-an ni, mi ò sì gbọ́ ọ rí. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, omi lé sí mi lójú. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì tún bà mí, nítorí ó dà bíi pé ẹnì kan ti pè mí lórúkọ kí n tó dáhùn.

Lẹ́yìn ikú Ọ̀gá Mùfú, Màmá dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní Lakowe. Abẹ́rẹ́ wíwọ́ àti ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré àfọwọ́gbé, irú èyí tí wọ́n fi ń rán ẹnu àpò ìrẹsì, tí wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sínú bárò, tí wọ́n á máa tì í tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn gbígbóná lẹ tapólì pọ̀ láìlo òwú dé, àwọn aránṣọ kan ní ayé ti bàjẹ́. Màmá ní kí wọ́n tẹ́ èyí tí ẹ̀rọ náà lẹ̀ pọ̀ sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n rìn ín.

"Ó dán bí ara ọmọ tuntun," ni wọ́n sọ fún mi. "Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ọ̀kan. Kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Àmọ́ ó fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Bí iná bá lọ láàárín, ibi tó ti lọ yẹn á dà bíi pé ó lẹ̀, kò sì lẹ̀. Nítorí náà ẹsẹ̀ ò tíì bọ́ sẹ́yìn."

Mo bi wọ́n bí wọ́n ṣe rí ọjọ́ iwájú iṣẹ́ náà. Wọn ò fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Wọ́n ní aṣọ tí àwọn ń rán, òkèèrè ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Iye tí wọ́n bá pè é láàárọ̀, ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́. Wọ́n ní tapólì tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà ti kún ọjà, oníbàárà á rà á torí ó pọ́ọ́kú, oòrùn á jẹ ẹ́, yóò wá máa bú gbogbo onítapólì. Wọ́n ní àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í dúró mọ́, wọ́n á kọ́ ọ díẹ̀, wọ́n á lọ gun ọ̀kadà. Ohun tó sì dùn wọ́n jù ni pé Bàbá Lámídì, tí wọ́n ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, wá bá àwọn lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọ̀n wọn. Fọ́nrán tapólì tó ti gbó ló kún inú rẹ̀ dípò ẹja. Bàbá náà ní, "Fúnkẹ́, a yọ ènìyàn yín nínú ẹrẹ̀ nígbà kan. Ta ni yóò yọ tiwa?" Láti ìgbà náà ni Màmá ti ń gba tapólì àtijọ́ padà lọ́wọ́ oníbàárà, wọ́n ń gé e rán sí àpò iyanrìn. Wọ́n ní kò tó. Wọ́n ní orí ọmọ tó kàwé ni yóò rí ìyókù rẹ̀.

Níbẹ̀ ni mo ti rí nǹkan kan tí mo lè sọ. Mo ṣàlàyé fún wọn ìdí tí oòrùn fi ń jẹ aṣọ náà: pé bí ẹ bá wo inú òwú rẹ̀, ó dà bí ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi ìkọ́ so pọ̀, oòrùn ló ń já ìkọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé èròjà kan wà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn níbi tí wọ́n ti ń ṣe é tí kì í jẹ́ kí oòrùn tètè rí i já. Èyí tó pọ́ọ́kú yẹn, wọn ò po èròjà náà mọ́ ọn tó.

Màmá gbé orí sókè. "Àwa mọ̀ pé ó ń jẹ ẹ́. A ò rí eyín rẹ̀ rí." Wọ́n yí sí Wàsíù. "O gbọ́? Ẹ̀wọ̀n ni."

Wàsíù ní, "Mo gbọ́, Mà. Nígbà tí mo sọ pé oòrùn ló jẹ ẹ́, ọ̀lẹ lẹ pè mí. Ó di ẹnu oníwèé kó tó di òótọ́."

Wọ́n tún sọ fún mi pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í gbé iṣẹ́ fún àwọn mọ́, nítorí wọ́n máa ń béèrè ìwé tó fi hàn pé ojú rírán náà lágbára tó. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ mi kì í kọ ìwé ẹ̀rí." Mi ò sùn dáadáa nítorí ọ̀rọ̀ yẹn. Ní ọjọ́ kejì, mo yá òṣùwọ̀n onírin tí wọ́n fi ń wọn àpò ìrẹsì, a so ó mọ́ etí aṣọ kan tí Wàsíù ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, a fà á títí ó fi là, mo sì ka ibi tí abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n dé. Iṣẹ́ kékeré ni, kò tíì tó ohun tí ilé iṣẹ́ ńlá ń béèrè. Àmọ́ Màmá ní kí n tún un ṣe, wọ́n tún ní kí n tún un ṣe. Wọ́n ní, "Ọ̀gá Mùfú ì bá jó lónìí." Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni yìn mí bẹ́ẹ̀ rí lórí ohun tí mo kà.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ Lekki fún wọn. Mo rò pé wọ́n á bínú. Wọ́n ní, "Ó dára. Àwọn náà nílò ẹni tó mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Wo ilé bàbá rẹ, wo ara rẹ. Mi ò fẹ́ kó o gba iṣẹ́ mi nítorí àánú."

Bẹ́ẹ̀ àánú wà níbẹ̀, irọ́ ni mo máa pa bí mo bá ní kò sí. Ìyìn náà wà níbẹ̀, pé obìnrin kan fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ohun tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ láìmọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì rì láti ìgbà típà yẹn. Àmọ́ ẹ̀rù wà níbẹ̀ ju méjèèjì lọ. Ní ọ́fíìsì, bí mo bá ṣàṣìṣe, ìwé ni wọ́n á fà ya. Níbí, bí ẹsẹ̀ mi bá parọ́ fún mi, mọ́tò ẹnì kan á jókòó sínú ẹrẹ̀, ẹnì kan á sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Màmá wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sùtánà wọn. Wàsíù ti tún aṣọ àwọn ará abúlé náà rán, típà sì ti dúró níta láti gbé e lọ sétí ọ̀sà. Wọ́n di apá mi mú. Mo bọ́ bàtà. A jọ tẹ̀lé ojú rírán náà láti ìbẹ̀rẹ̀, èmi níwájú díẹ̀, wọ́n fi ara ti èjìká mi. Wọ́n ń béèrè pé, "Kí lo rí?" Mo ń dáhùn pé, "Ó le." A dé ibi tó dẹ̀ lọ́jọ́sí, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní, "Ó le, Mà." A dé òpin.

Mo dúró kí Màmá sọ pé ó dára. Àwọn ọkùnrin tó fẹ́ ká aṣọ ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo Màmá. Màmá ń wo ojú ọ̀nà.

Wàsíù ní, "Ọ̀gá, ṣé ká ká a?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé èmi ló ń pè ní Ọ̀gá. Mo ní, "Ẹ ká a." Ohùn mi kéré débi pé ó ní kí n tún un sọ, mo sì tún un sọ.

Wọ́n ká a, wọ́n gbé e lọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ronú nípa ọ̀nà yẹn. Bí òjò bá ti ṣú, màá rò ó pé ṣé ó le ní tòótọ́, àbí mo fẹ́ kó le ni.

Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ fèsì fún ilé iṣẹ́ Lekki. Màmá ti fún mi ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n yọ lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò tíì fi í padà sẹ́nu ẹ̀rọ, mi ò sì tíì lè gbé e pamọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà kan, yálà ẹ ń kan ọkọ̀ ojú omi, ẹ ń gbẹ̀bí, tàbí ẹ ń tún iná ṣe, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ìbẹ̀rù yìí, ṣé ó máa ń lọ tó bá yá? Àbí òun gan-an ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ kú? Bí ó bá jẹ́ pé kì í lọ, ṣé kí n gbé abẹ́rẹ́ náà padà sẹ́nu ẹ̀rọ pẹ̀lú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, tàbí kí n jẹ́ kí ẹlòmíràn tí àyà rẹ̀ le ju tèmi lọ ra ṣọ́ọ̀bù náà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Ọjọ́ Ajé tó dé.